Ọgbọ́n orí, ọgbọ́n inú: èwo ni ilé ẹ̀kọ́ ń wọ̀n?

Àṣà kan wà tí àwa olùkọ́ jogún lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ́ wa. Bí a bá ti yẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò tán, a óò kó ìwé wọn wá sí kíláàsì, a óò sì máa ka iye tí olúkúlùkù gbà sókè, láti orí ẹni tí ó ṣíwájú títí dé orí ẹni tí ó kẹ́yìn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ṣe bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì kan tí a ń kọ́ ní èdè Faransé. Ọmọkùnrin kan ni ó kẹ́yìn; 4 nínú 20 ni ó gbà. A gbé ìwé rẹ̀ sókè, a ka gbólóhùn rẹ̀ kan tí kò tọ́, a sì fi í dá àpárá. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó gba ìwé rẹ̀, ó padà lọ jókòó. Inú wa dùn pé ó mọ àwàdà. Láti ọjọ́ kejì, a kò fojú kàn án mọ́.

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, a lọ sí ilé wọn. Ìyá àgbà tí ó ń tọ́ ọmọ náà ni ó gbà wá lálejò. Ó bu omi fún wa, ó béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé wa, lẹ́yìn náà ni ó wí pé: “Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ lórí àwọn ọmọ wa, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ọmọ yìí sọ fún mi pé gbogbo kíláàsì ni ó fi òun ṣe ẹ̀rín. Mo bi í pé, olùkọ́ yín ńkọ́? Ó ní olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.” Ìyá àgbà kò bínú, kò sì gbé ohùn sókè. Ó tún bi wá bóyá a óò mu omi sí i. Àwa ni a kò mọ ibi tí a ó gbé ojú sí.

Ìyá àgbà náà kò ka ìwé rí. Síbẹ̀, ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí a lò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó rí i pé ojú ń tì wá, ó sì sọ òótọ́ fún wa lọ́nà tí a fi lè gbé e mì. Àwa tí a gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì kò mọ̀ pé ẹ̀rín tí ọmọ náà rín kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni láti kékeré ni a ti ń gbọ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín ni a fi ń rín. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti jẹ́ kí a sinmi: nínú ìyá yìí àti àwa, ta ni ọlọ́gbọ́n? Bí ó bá sì jẹ́ pé òun ni, kí ni ilé ẹ̀kọ́ wa ń wọ̀n nígbà tí ó bá ń fi òǹkà lé orí ọmọ ènìyàn?

Ó dára kí a mọ ibi tí àṣà wíwọn ọgbọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ní 1904, ìjọba Faransé yan ìgbìmọ̀ kan láti wá ọ̀nà tí a ó gbà ran àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ilé ìwé nira fún lọ́wọ́. Ní 1905, Alfred Binet àti Théodore Simon gbé ìdánwò kan jáde fún iṣẹ́ yìí. Binet kò sọ pé ìdánwò náà fi gbogbo ọgbọ́n ènìyàn hàn. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1909 lórí àwọn ọmọdé, ó ta ko àwọn tí ó ń wí pé ọgbọ́n ọmọ kò lè ju bí a ti bí i lọ. Ó gbà pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ a máa mú un pọ̀ sí i. Ó kú ní 1911. Ní 1912, William Stern ní Jámánì dábàá pé kí a sọ èsì irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ di òǹkà kan ṣoṣo. Ní 1916, Lewis Terman ní Amẹ́ríkà ṣe àtúnṣe ìdánwò náà, òǹkà náà sì gbilẹ̀ káàkiri. Báyìí ni ohun tí a ṣe láti fi wá ọmọ tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ ṣe di ohun tí a fi ń sọ fún ọmọ pé kò tó ẹgbẹ́. Iṣẹ́ tí àwa ń fún àwọn ọmọ ní kíláàsì kì í ṣe ìdánwò Binet, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ni a ń ṣe: a ti gbàgbé ìdí tí a fi ń wọn nǹkan.

Èdè wa kò ka ọgbọ́n sí ohun kan ṣoṣo. A ní ìmọ̀, a ní òye, a ní làákàyè, a ní ọgbọ́n, ọ̀kan kò sì gba ipò èkejì. Ẹ jẹ́ kí a tún wo ọ̀rọ̀ kan tí a ń lò lójoojúmọ́ láìfiyè sí i: ronú. Rò àti inú ni ó di ronú. Inú kan náà tí ó ń dùn, tí ó ń bàjẹ́, tí ó ń bí ni, òun náà ni a ń rò. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù ti ya ìrònú sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ̀lára. Wọ́n fi ọ̀kan sí orí, wọ́n fi èkejì sí àyà, wọ́n sì fi ti orí jọba lórí ti àyà. Yorùbá mọ ọpọlọ, a sì máa ń wí pé ọpọlọ ẹnìkan pé. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí ọmọ kan gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò kí ó tó ṣe é, inú rẹ̀ ni a ń rán an lọ. A tilẹ̀ ní ọgbọ́n inú, èyí tí í ṣe ọgbọ́n ẹni tí ó mọ ohun tí ó yẹ ní sísọ, ìgbà tí ó yẹ kí a sọ ọ́, àti bí yóò ti rí lára ẹni tí a sọ ọ́ fún.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a rí i bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Côte d'Ivoire, Pierre Dasen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn Baoulé ohun tí wọ́n ń pè ní ọlọ́gbọ́n ọmọ. N'glouèlê ni orúkọ ọgbọ́n ní èdè wọn. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1985, ó hàn pé ohun kan tí àwọn Baoulé kà sí pàtàkì jù lọ nínú rẹ̀ ni o ti kpa, èyíinì ni ìmúra láti ṣe ìrànlọ́wọ́: ọmọ tí ó rí ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, tí ó sì ṣe é láìjẹ́ pé a rán an. Ọmọ tí ó rí ìyá rẹ̀ tí ó ń bọ̀ láti oko, tí ó sáré lọ gba ẹrù lórí rẹ̀ kí a tó pè é, ó ti yege nínú ìdánwò kan tí a kò kọ sí ojú pátákó.

Àwọn onímọ̀ ayé òde òní náà ti ń padà sí ọ̀nà yìí. Ní 1983, Howard Gardner, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé láti fi hàn pé ọgbọ́n ju ẹyọ kan lọ. Lára àwọn tí ó kà ni ọgbọ́n mímọ ara ẹni àti ọgbọ́n mímọ ẹlòmíràn. Ní 1990, Peter Salovey àti John Mayer ṣe àlàyé ohun tí èdè Faransé ń pè ní intelligence émotionnelle, Daniel Goleman sì fi ìwé rẹ̀ ti 1995 sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé gbọ́. Salovey àti Mayer pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: kí ènìyàn rí ìmọ̀lára lójú ara rẹ̀ àti lójú ẹlòmíràn, kí ó lo ìmọ̀lára láti ran ìrònú lọ́wọ́, kí ó mọ ibi tí ó ti wá àti ibi tí ó ń lọ, kí ó sì lè ṣe àkóso rẹ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa lọ́jọ́ náà, a kò ní gba 4 nínú 20. A rí ẹ̀rín, a kò rí ìtìjú. A kò béèrè ibi tí ìtìjú náà yóò gbé ọmọ lọ. A kò tilẹ̀ mọ̀ pé àárẹ̀ àti ìbínú ara wa, lẹ́yìn òru mélòó kan tí a fi yẹ ìwé wò, ni a dà sórí rẹ̀ ní àwọ̀ àwàdà.

Àwa ará Kétu kò ní láti rin ìrìn àjò jíjìn kí a tó rí ilé ẹ̀kọ́ irú ọgbọ́n yìí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà láàárín wa. Àjọ UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ńlá àjogúnbá aráyé, ó sì wọ ìwé àkójọ àjọ náà ní 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá wò ó nítorí ẹwà agọ̀ àti ijó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń ṣe fún inú ènìyàn. Àwọn ìyá ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bu ọlá fún, àwọn tí agbára wọn lè tún ìlú ṣe, tí ìbínú wọn sì lè bà á jẹ́. Ìlú kò gbógun ti ìbínú yìí, kò sì díbọ́n bí ẹni pé kò sí. Ó fi orin, ìlù àti ijó tù ú lójú. Babátúndé Lawal, nínú ìwé tí ó kọ lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 1996, ṣàlàyé pé ìtùnú wà nínú orúkọ náà fúnra rẹ̀: gẹ̀ ni kí a kẹ́ ni, dẹ́ ni kí a fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú nǹkan rọ̀.

Ẹ tún wo ẹni tí ó ń jó. Ọkùnrin ni ó gbé agọ̀, ṣùgbọ́n bí obìnrin ni ó máa ń múra nígbà púpọ̀. Ó ní láti kọ́ bí obìnrin ti ń rìn, bí ó ti ń dúró. Ẹ wo agọ̀ fúnra rẹ̀: lókè, ẹranko ń bá ẹranko jà, ènìyàn ń ṣiṣẹ́, ayé ń ru gùdù; nísàlẹ̀, ojú tí ó gbé gbogbo rẹ̀ rọ̀ tútù, kò fajú ro. Àgbẹ́gilére tí ó gbẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí a ń wá nígbà tí a bá ní kí ènìyàn fẹ̀dọ̀ sórí òróǹro.

Ẹnìkan lè wá bi wá pé: ǹjẹ́ Ẹ̀fẹ̀ kì í dójú ti ènìyàn ní gbangba? Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí Ẹ̀fẹ̀ jáde, kì í ha kọrin bú olè, òpùrọ́ àti aláṣejù? Kí ni ó wá burú nínú ohun tí olùkọ́ ṣe? Ìbéèrè yìí lágbára, a sì ti fi í gbe ara wa lẹ́sẹ̀ nígbà kan. Ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀ a máa kọ́kọ́ júbà. Ó gba àṣẹ kí ó tó la ẹnu. Kì í fi ìbínú ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹnu ìlú ni ó jẹ́. Ìwà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn, tí ó sì lè fi sílẹ̀, ni ó ń bá wí, ó sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹni ńlá tí ẹnikẹ́ni kò lè bá wí ní ọ̀sán. Àwa kò júbà ẹnikẹ́ni. Àìmọ̀ ọmọ kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Ẹni tí a sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀ kò ní àṣẹ láti dá wa lóhùn.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣé ẹni tí ó mọ inú ẹlòmíràn di ènìyàn rere nípa bẹ́ẹ̀? Ẹ wo àwọn gbájú-ẹ̀ tí ń fi tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì lu ènìyàn ní jìbìtì, àwọn tí ìgboro wa ń pè ní gayman. Wọ́n mọ ìgbà tí opó ń ṣe àárò ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ bí a ti ń fi ìkánjú dẹ́rù ba ẹni tí ń wá iṣẹ́, kí ó má baà ráyè ronú. Nínú ọ̀nà mẹ́rin tí a kà lókè, wọ́n lè yege nínú gbogbo rẹ̀. Ìyà tí Òfin orí ayélujára ti 2018 là sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa lè gbá wọn mú. Kò lè yí ohun tí wọ́n ń fi ọgbọ́n wọn ṣe padà.

Níhìn-ín ni a rò pé èdè wa tún ràn wá lọ́wọ́. Yorùbá kò gbà pé ọgbọ́n tí ó ń jẹ ẹlòmíràn run jẹ́ ọgbọ́n gidi. Ó fi orúkọ mìíràn pè é, ọgbọ́n àrékérekè. Ohun tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni ìwà. Wándé Abímbọ́lá kọ àròkọ kan ní 1975 láti fi hàn bí ìwàpẹ̀lẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó nínú ẹ̀kọ́ Ifá. Àwọn àgbà wa ti wí pé sùúrù ni baba ìwà. Ẹni tí ó mọ inú ẹlòmíràn ti rí ilẹ̀kùn. Ìwà ni yóò sọ bóyá yóò kan ilẹ̀kùn náà tàbí yóò jalè níbẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ọgbọ́n inú, kí a má kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ni ní ọnà títajà. Ìbéèrè “báwo ni yóò ti rí lára rẹ̀?” kò pé láìsí “kí ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi?”

Ǹjẹ́ a lè kọ́ ọ? A lè kọ́ ọ, nítorí pé wọ́n ti kọ́ wa. Kí ni a kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ ní ilé Yorùbá bí kò ṣe ìkíni? A kì í kí gbogbo ènìyàn bákan náà. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tí ó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tí ó ṣe òfò, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tí ó ti inú ewu bọ̀, ẹ kú ewu. Ọmọ kò lè kí ni dáadáa láìjẹ́ pé ó ti wo ojú ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó sì mọ ipò tí ó wà. Ìkíni ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú rírí inú ẹlòmíràn, láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ó wá já okùn yìí. Ní ìgbà àwọn bàbá wa, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé ìwé, wọ́n á fi ohun kan kọ́ ọ lọ́rùn tí wọ́n ń pè ní signal, á sì máa rù ú kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí ó ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí yóò gbé e fún. Ìtìjú ni wọ́n fi kọ́ wọn ní Faransé. Wọ́n tún kọ́ ọmọ láti máa ṣọ́ ẹnu ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ara tirẹ̀ lè fúyẹ́. A ti fi signal sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá ń ka iye tí ọmọ gbà sókè kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rẹ́rìn-ín, a tún ti gbé e kọ́ ọmọ lọ́rùn.

Àkàbà Ìdènà ṣì wà ní ìlú wa fún ẹni tí ó bá fẹ́ rí i. Àwọn tí ó kọ́ ọ kò ṣe ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Méjì ni, ẹni tí ó bá sì gba ti ìta wọlé kò tí ì dé inú ìlú. Ó ṣì ku ibi tí a ó ti wò ó, kí a tó ṣí ti inú fún un. A ti ń gbìyànjú láti kọ́ irú ibẹ̀ sí àárín ìbínú wa àti ẹnu wa. Ní kíláàsì, ohun tí a ṣe kò tó nǹkan. A kì í ka iye tí ọmọ gbà sókè mọ́; a ń fi ìwé lé olúkúlùkù lọ́wọ́, ẹni tí ó kùnà a sì pè é sí ẹ̀gbẹ́ láti fi ibi tí ó ti ṣìnà hàn án. Bí àwọn ọmọ méjì bá jà, a kì í kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. A ń ní kí olúkúlùkù sọ ohun tí ó rò pé ó ń ṣe inú ẹnìkejì rẹ̀, ní Yorùbá bí Faransé bá há a lẹ́nu, kí ẹnìkejì sì sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n máa ń ṣì í lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹnu sì máa ń yà wọ́n pé àwọn ṣì í.

Ọmọ náà padà wá ní sáà tí ó tẹ̀ lé e. A bẹ̀ ẹ́ níwájú kíláàsì, nítorí pé níwájú kíláàsì ni a ti ṣẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ kan tí ó jù wá lọ ní ọjọ́ orí kò fara mọ́ ọn. Ó ní àgbà kì í bẹ ọmọdé, pé àwọn ọmọ kò ní bẹ̀rù wa mọ́. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, a kò sì fi ojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò rí i bí a ó ti máa kọ́ ọmọ pé kí ó tọrọ àforíjì tí kò ní rí ẹnikẹ́ni tí ó ń ṣe é. Ọmọ náà gbọ́, ó ní, “Kò burú, olùkọ́.” Iṣẹ́ rẹ̀ sàn sí i. Ṣùgbọ́n títí ó fi kúrò ní kíláàsì wa, kò na ọwọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè kankan. Ẹyin ni ohùn. Àforíjì kì í lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ìwé èsì àwọn ọmọ yóò tún dé ilé ní òpin sáà. Kí ẹ tó ka òǹkà tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọmọ tí ó gbé e wá.